Ẹsẹ̀ Kò Kọjá Ìlà

Ẹ máa gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará ìlú wa pé alágídí ni Tak Bun-rye. Kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́ kó sọ ọ́ délẹ̀: ká ní kì í ṣe alágídí ni, wọn ì bá ti fi orúkọ rẹ̀ gbálẹ̀ létíkun yìí títí dòní. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí wà níbẹ̀. Ìyá Sang-u ni wọ́n ń pè mí. Ilé ìfọṣọ ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́rìnlá, mo sì lẹ́nu. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ òótọ́ kó má jókòó tì mí.

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni Bun-rye nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Mo fi ọdún márùn-ún kéré sí i. Lójú rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n ni mò ń pè é, "ẹ" ni mo sì ń bá a sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi ni, ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní "ó" fún yín kí ọ̀rọ̀ lè yá. Obìnrin kúkúrú ni, ọwọ́ rẹ̀ le, ojú rẹ̀ sì mú. Ọdún méjìlélógún ló fi ṣa ẹja wẹ́wẹ́ gbígbẹ. Wọ́n á da ẹja sórí tábìlì níwájú àwọn obìnrin, wọ́n á sì máa fi ọwọ́ méjèèjì yọ òkúta, èèpo akàn àtàwọn ẹja tó ti bàjẹ́ kúrò. Àpò ẹja àwọn yòókù máa ń padà wálé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, torí oníbàárà rí òkúta nínú ẹ̀. Ti Bun-rye kò padà rí. Ọkọ rẹ̀ ló ń wa ọkọ̀ apẹja, nígbà tí àìsàn ẹ̀dọ̀ sì mú un lọ, wọ́n ta ọkọ̀, ilé wá dá wáí.

Ma Pil-do ló ràn án lọ́wọ́ nígbà náà. Ọmọ iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ni Pil-do nínú ọkọ̀ yẹn tẹ́lẹ̀, ọdún méje ló fi jẹun nínú ìkòkò Bun-rye, kó tó rí iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ iná, tó sì di ọ̀gá àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ òǹkà. Ó wá sílé lọ́jọ́ kọkàndínláàádọ́ta tí ọkùnrin náà kú, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣàdúrà tán.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ ò lè máa wo ògiri báyìí. Iṣẹ́ kan wà lọ́dọ̀ wa. Ìjókòó ni."

"Ìjókòó? Ta ló sọ fún ẹ pé mo ti yarọ?"

"Ẹ máa dìde tí èèyàn bá ń kọjá, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹnu ọ̀nà yàrá kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n fi í sí. Àwọn kọ́bọ́ọ̀dù irin gàgàrà ló tò sínú yàrá yẹn, wáyà inú wọn ló ń sọ bí omi ṣe ga tó, bí ooru ṣe pọ̀ tó, fún àwọn tó ń darí ilé iṣẹ́. Àwọn nǹkan inú wọn yìí, etí wọn fẹ́lẹ́ jù. Tí fóònù tàbí rédíò ìbánisọ̀rọ̀ bá ń tú agbára sáfẹ́fẹ́ nítòsí wọn, pàápàá tí ilẹ̀kùn wọn bá ṣí sílẹ̀, wọ́n lè gbà á mọ́ ọ̀rọ̀ tiwọn. Wọ́n á ní omi ti kún nígbà tí omi ò kúrò lójú kan. Nítorí náà wọ́n fi ọ̀dà yẹ́lò fa ìlà sílẹ̀ níwájú wọn. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá ìlà, kó kó fóònù, aago ọlọ́gbọ́n, àti gbogbo ohun tó ń sọ̀rọ̀ láfẹ́fẹ́ sínú àtẹ tó wà níwájú Bun-rye, kó gba nọ́ńbà. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè mú rédíò wọ yàrá náà nígbà iṣẹ́, ìyẹn ọ̀gá iṣẹ́, òun náà á sì dúró sẹ́yìn ìlà. Tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ẹ wò ó, Bun-rye mú iṣẹ́ yẹn bó ṣe mú iṣẹ́ ẹja. Ó rí ohun ìgbọ́rin kékeré kan létí ọmọkùnrin kan lábẹ́ fìlà.

"Ọmọ mi, kí ló wà létí ẹ yẹn?"

"Mọ́mì, orin lásán ni."

"Yọ orin náà síbí. Ó máa kọ ọ́ fún mi títí wàá fi dé."

Ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ pàápàá, Ọ̀gbẹ́ni Pyo, tí gbogbo wa ń bẹ̀rù, dé lọ́jọ́ kan pẹ̀lú aago ọlọ́gbọ́n lọ́wọ́. Bun-rye fi ọwọ́ méjèèjì gbé àtẹ sókè, ó tẹríba, kò sì mira. Ọ̀gá àgbà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó bọ́ aago. Ọdún mẹ́fà nìyẹn, òkúta kankan ò wọlé.

Ọjọ́ Túsìdeè kan nínú oṣù kẹta, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá ku ogún ìṣẹ́jú láàárọ̀, ilé iṣẹ́ dá pa iná ara rẹ̀. Ilé ìfọṣọ ni mo wà. Mo gbọ́ ooru omi tó bú jáde lókè, wùùù, tí gbogbo fèrèsé ń gbọ̀n. Ẹnikẹ́ni ò fara pa, nǹkan kan ò jò. Ohun tí wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ ló ṣe: ó rí ohun tí kò yé e, ó dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta ni a fi wà láìta iná, olú ilé iṣẹ́ ní Seoul ń pariwo, wọ́n sì rán ẹnjiníà obìnrin kan wá láti wádìí, Seol Da-on lorúkọ rẹ̀, obìnrin tó máa ń gbọ́ ju bó ṣe ń sọ lọ.

Wọ́n rí i pé kọ́bọ́ọ̀dù kẹta ló purọ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ Ma ti ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ láàárọ̀ yẹn láti yẹ̀ ẹ́ wò. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ó sọ pé omi ti kún àkúnya, lẹ́yìn náà ara rẹ̀ yá. Wáyà kankan ò já. Wọ́n ní a jẹ́ pé fóònù ni. Wọ́n ní fóònù ẹnì kan ti gba ẹnu ọ̀nà kọjá. Ta wá ni aṣọ́nà? Gbogbo ojú yí sí Bun-rye. Ó kó ìwé rẹ̀ jáde: èèyàn mọ́kànlá, fóònù mọ́kànlá, aago méjì, nọ́ńbà pé. Wọ́n ní ta ló mọ̀ bóyá ẹ̀yìn ìgbà tí nǹkan bàjẹ́ ló kọ ọ́. Ẹni tó sọ ìyẹn ṣoríire pé n kò sí níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ la ti ń jẹun ọ̀sán, ìrẹsì àti ọbẹ̀ ewé òkun, nígbà tí Ma Pil-do dé. Ó mú ìwé kan lọ́wọ́. Ọkùnrin tó sanra díẹ̀ ni, ọmọlúàbí ni, ìyẹn ò ṣeé jà níyàn. Kò sẹ́ni tó ń tẹríba tó o ní gbogbo ilé iṣẹ́ wa. Tó bá rí àgbà tàbí ọ̀gá, ẹ̀yìn rẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ lè gbé ife tíì lé e.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, kò sì wo ojú rẹ̀. "Wọ́n ní kí ẹ fọwọ́ sí i. Pé ẹ ṣèèṣì. Pé fóònù kan kọjá tí ẹ ò rí i."

"Èwo nínú wọn?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bi mí léèrè. Tí ẹ bá fọwọ́ sí i, wọ́n á gbé yín lọ síbi gbígbá àgbàlá, owó oṣù ò ní yàtọ̀ púpọ̀. Tí ẹ ò bá fọwọ́ sí i, ìwé iṣẹ́ yín máa parí lópin oṣù, wọn ò ní tún un ṣe."

Bun-rye jẹ ìrẹsì ẹnu rẹ̀ tán. Ó nu ẹnu. "Ṣé fóònù gba iwájú mi kọjá lójú ẹ, Ọ̀gá Ma? Ẹ̀yìn ìlà lo wà. Iwájú mi gan-an lo wà."

"Mi ò rí i."

"Èmi náà ò rí i. Torí náà kò sí níbẹ̀. Mú ìwé ẹ padà. Wọ́n lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, àwọn ló ni ín. Orúkọ mi kọ́ ni wọ́n fún mi níbí, mo mú un wá láti ilé ni. Mi ò fọwọ́ sí irọ́."

Inú mi dùn, inú mi sì bàjẹ́. Mo mọ̀ pé iyàrá tó ń gbé, owó rẹ̀ ò ní ṣeé san tí iṣẹ́ bá lọ. Mo sọ fún un pé kó fọwọ́ sí i, ó jàre. Ẹ mọ ohun tó dá mi lóhùn? Ó ní, "Ìyá Sang-u, fi ọbẹ̀ sí i fún mi."

Ní Sátidé, a lọ sílé ìwẹ̀. Obìnrin ìlú wa tó bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, ilé ìwẹ̀ ni kó lọ. A jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ omi gbígbóná, mò ń fi kànìnkàn ha ẹ̀yìn rẹ̀, nígbà tí ìyàwó ẹlẹ́ja kan sọ sókè pé, "Ẹ rọra o, ẹni tó ń pa iná ìlú ti dé. Kí omi yìí má lọ tutù."

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Mo ti gbé ike omi tútù sókè, Ọlọ́run ló mọ orí ẹni tí ǹ bá dà á sí, ni Bun-rye bá di ọwọ́ mi mú.

"Gbé e sílẹ̀."

"Ẹ ò gbọ́ ohun tó sọ ni?"

"Mo gbọ́. Tí a bá da omi sí i lórí, orí rẹ̀ á tutù, orúkọ mi á sì wà bó ṣe wà. Ha ẹ̀yìn mi."

Inú ń bí mi débi pé ẹnu mi ò dúró. Mo ń ha ẹ̀yìn, mo ń ráhùn. Mo ní ìlú yìí ò dáa, ilé iṣẹ́ ò dáa, kódà rédíò ilé ìfọṣọ wa ò dáa. Rédíò yẹn, orí ìkànnì kan náà ló wà pẹ̀lú ti àwọn Ọ̀gá Ma, kí wọ́n lè pè wá tí wọ́n bá fẹ́ aṣọ. Mo ní, "Lọ́jọ́ tí nǹkan bàjẹ́ yẹn gan-an, ó kàn ń ṣe ṣùùù sí mi létí, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Mo ní òmùgọ̀ wo ló jókòó lé rédíò ẹ̀ báyìí? Mi ò tíì pa ẹnu dé tí ooru fi bú."

Bun-rye yí padà. Ọṣẹ wà lójú rẹ̀, kò nù ún.

"Tún un sọ."

"Pé òmùgọ̀ wo ló…"

"Kì í ṣe ti òmùgọ̀. Kí ooru tó bú ni àbí ẹ̀yìn rẹ̀?"

"Kó tó bú. Kó tó bú gẹ́lẹ́."

Ó dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi. Ó wọṣọ kíákíá, ẹyin sísè tí mo rà fún wa, kò jẹ ẹ́. Ó dé ìta kó tó lanu. Ó ní rédíò kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá lọ́jọ́ yẹn, ti Ma Pil-do. Ó so ó mọ́ àyà nínú àpò aláwọ bó ṣe máa ń so ó. Ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀, ojú òun wà lára rẹ̀, ètè rẹ̀ ò mì. Kò sì kọjá ìlà. Àwọn tó ń darí ilé iṣẹ́ náà jẹ́rìí sí i pé kò pè wọ́n.

"Kí ló wá ṣe?" mo bi í.

"Kí ló máa ń ṣe?" ó ní, bíi pé ara rẹ̀ ló ń bi. Lẹ́yìn náà ó dúró láàárín títì. "Ọ̀gá àgbà wà nínú yàrá lọ́jọ́ yẹn. Ó ń jáde bọ̀, ó gba iwájú kọ́bọ́ọ̀dù kẹta. Ìyá Sang-u, kọ́kọ́rọ́ ilé ìfọṣọ dà?"

Rédíò méjì la ní nílé ìfọṣọ, ọ̀kan wà fún ìgbà tí èkejì bá kú. A ti ilẹ̀kùn. Ó fi okùn aṣọ so ọ̀kan mọ́ àyà rẹ̀, ó mú pátákó ìkọ̀wé tí a fi ń ka aṣọ, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú níwájú ikùn, bí Ma ṣe máa ń di tirẹ̀ mú. Ó dojú kọ òkìtì aṣọ ìdọ̀tí.

"Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gá àgbà," ó ní, ó sì tẹríba fún aṣọ ìdọ̀tí, ó tẹ̀ ẹ́ dénú.

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò tíì dé ọ̀fun tí rédíò kejì tó wà lórí tábìlì fi ké: ṣùùù. Ó dìde, rédíò dákẹ́. Ó tún tẹríba, rédíò ké. Etí pátákó ló ń tẹ bọ́tìnnì tí a máa ń tẹ̀ ká tó sọ̀rọ̀. Àti pé nígbà tó tẹríba, mo rí i: ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kúrò lójú kan, ṣùgbọ́n orí àti àyà rẹ̀ ti lọ síwájú tó ìgbésẹ̀ kan gbáko. Ẹsẹ̀ Ma wà lẹ́yìn ìlà. Rédíò rẹ̀ ti kọjá ìlà, ó sì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣí sílẹ̀, ó ń tú agbára sínú ẹ̀.

"Ó ti tán!" Mo fò sókè. "Ẹ ti bọ́! Ẹ jẹ́ ká lọ sọ fún ẹnjiníà Seoul yẹn nísinsìnyí!"

Bun-rye tú okùn lára. Kò fò. Ó jókòó sórí òkìtì aṣọ yẹn, ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì. "Pil-do ló gbé pósí ọkọ mi lápá iwájú," ó ní. "Mi ò lè sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Òun ni mo máa kọ́kọ́ sọ fún."

Lọ́jọ́ Àìkú, Ma ń fi ìwọ̀ pẹja lórí ògiri òkúta tó wọ inú òkun. Mo tẹ̀ lé Bun-rye débẹ̀, ó ní kí n dúró sẹ́yìn, mo dúró, etí mi ò sì dúró. Níbi iṣẹ́, Ọ̀gá Ma ni ó ń pè é, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ó pè é ní Pil-do. Ó ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún un wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ma gbọ́ ọ títí, ojú rẹ̀ wá pọ́n.

"Ṣé ọ̀wọ̀ tí mo bù fún ọ̀gá ló ba ilé iṣẹ́ jẹ́? Àbí kí n dúró gbagidi bí òpó iná kó máa kọjá lójú mi? Bàbá mi ò tọ́ mi bẹ́ẹ̀."

"Mi ò sọ pé ìwà ẹ ò dáa. Mo ní rédíò ẹ ké."

"Ọdún mọ́kàndínlógún, Ẹ̀gbọ́n! Ìlà yẹn, mi ò fi ọmọ ìka kọjá ẹ̀ rí. Ẹsẹ̀ mi wà lẹ́yìn ẹ̀."

"Ẹsẹ̀ ẹ nìkan."

Ó ká okùn ìwọ̀ rẹ̀ sókè. "Ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá yẹrí lọ́jọ́ ìṣòro. Èmi ni mo fi yín síṣẹ́. Ẹ wá fẹ́ fi mí dípò ara yín."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Bun-rye, mo rí i lẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò kúrò níbẹ̀. "Ìwọ jẹun nínú ìkòkò mi fún ọdún méje," ó ní. "Mi ò kà á fún ẹ rí, mi ò ní kà á lónìí. Ohun tí mo wá sọ ni pé ìwọ náà ò mọ̀. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Tí a bá dákẹ́, wọ́n á lé mi lọ, wọ́n á fi ẹlòmíì sídìí àtẹ, lọ́jọ́ mìíràn ọ̀gá á tún kọjá, wàá tún tẹríba. Lọ́la mo máa ní kí wọ́n jẹ́ ká tún un ṣe bó ṣe rí. Mi ò ní dárúkọ ẹ. Ìwọ sáà wá."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n pè é síwájú ìgbìmọ̀. Wọ́n tún gbé ìwé yẹn kalẹ̀, wọ́n sì fi bírò sórí ẹ̀. Bun-rye rọra ti bírò sẹ́yìn, ó ní òun ń bẹ̀bẹ̀ fún ohun kan ṣoṣo: kí a tún àárọ̀ Túsìdeè ṣe, bó ṣe rí, kí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ dúró síbi tó dúró. Ọ̀gá àgbà Pyo ní òun ò ráyè eré ìbílẹ̀. Seol Da-on ni kò gbà fún ọ̀gá àgbà. Ó ní kọ́bọ́ọ̀dù kan wà ní gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ tuntun níṣẹ́, inú rẹ̀ rí bákan náà, kò sì so mọ́ nǹkan kan. Kí a lọ.

Èmi? Aṣọ mímọ́ ni mo gbé lọ. Kò sẹ́ni tó lè ní kí n má gbé aṣọ mímọ́ wọ gbọ̀ngàn.

Wọ́n fi ọ̀dà fa ìlà bíi ti yàrá, wọ́n wọ̀n ọ́n. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Seol Da-on gbé mítà kan sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọwọ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀ gùn, gbogbo wa lè rí i. Àwọn ọmọ iṣẹ́ dúró. Ma dúró sẹ́yìn ìlà, rédíò láyà, pátákó níkùn. Òógùn ń yọ ní iwájú orí rẹ̀. Bun-rye jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú àtẹ.

"Ó yá, sà," ẹnjiníà sọ fún ọ̀gá àgbà. "Ẹ máa jáde bọ̀."

Ọ̀gá àgbà rìn wá. Ó dé iwájú Ma. Ma mi orí díẹ̀, bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Mítà ò mira.

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ọ̀gá àgbà ní, "Ṣé ó ti tán? Ṣé mo lè lọ síbi iṣẹ́ mi?" Ẹni tó mú ìwé àti bírò dání ti ń bọ̀ sọ́dọ̀ Bun-rye. Mo wo Ma, mo sì fẹ́ fi aṣọ mímọ́ gbá a létí. Ó mọ̀! Ó mọ̀, ó sì ń mi orí.

Bun-rye dìde. Kò pariwo.

"Ọ̀gá Ma," ó ní, "ṣé bí ẹ ṣe máa ń kí Ọ̀gá àgbà nìyẹn?"

Ẹ̀yin tí a tọ́ dáadáa, ẹ mọ irú ìbéèrè tó bi í níwájú ọ̀gá. Ọ̀gá àgbà pàápàá dúró, ó yí ojú sí Ma. Mo rí i pé ó ń rántí ohun tí ó ti ń rí lójoojúmọ́ fún ọdún pípẹ́ láìkà á sí.

"Rárá," ọ̀gá àgbà ní, ó rọra ń sọ ọ́. "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń kí mi. Mo máa ń rí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀."

Ma wo Bun-rye. Bun-rye ò gbójú kúrò, ṣùgbọ́n omi ti lé sí i lójú. Lẹ́yìn náà Ma sọ pé, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà lọ sídìí kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ tún bọ̀."

Ọ̀gá àgbà padà, ó tún bọ̀. Ma gbé pátákó sí ikùn. Ó tẹríba, ó tẹ̀ ẹ́ dénú bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, kò dín kan kù níbẹ̀. Ọwọ́ mítà fò lọ sí ìpẹ̀kun, agogo ìkìlọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Kò gbórí sókè kíákíá. Ó wà níbẹ̀ lórí ìbẹ̀rẹ̀, agogo ń dún, kí gbogbo wọn lè rí i dájú.

Seol Da-on lọ kúnlẹ̀, ó fi téèpù wọn ibi tí ẹsẹ̀ Ma wà àti ibi tí rédíò rẹ̀ dé. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Àwa tí a fa ìlà yìí, ẹsẹ̀ èèyàn nìkan la rò." Lẹ́yìn náà ó gba ìwé tó wà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn, ó ká a sí méjì, ó kì í sápò rẹ̀. Bun-rye ti jókòó padà. Ó ń to àwọn nọ́ńbà inú àtẹ, kò rẹ́rìn-ín, kò sì sunkún.

Wọ́n sún ìlà sẹ́yìn. Wọ́n gbé bọ́tìnnì rédíò síbi tí nǹkan kan ò lè tẹ̀ ẹ́. Wọ́n lẹ àwòrán ọkùnrin tó tẹríba mọ́ ògiri, wọ́n fi pupa fa ìlà kọjá lórí ẹ̀, ìlú wa sì fi rẹ́rìn-ín fún ọ̀sẹ̀ méjì: níbi ìlà, ẹnikẹ́ni kì í tẹríba fún ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ààrẹ. Wọ́n tún ìwé iṣẹ́ Bun-rye ṣe. Ìyàwó ẹlẹ́ja yẹn wá fi ẹyin sísè bẹ̀ ẹ́ nílé ìwẹ̀. Mo jẹ méjì nínú ẹ̀, mi ò sì dárí jì í.

Ní ti Ma, wọ́n gba ipò ọ̀gá iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, wọ́n fi í sí ilé ìkẹ́rùsí. Kò bá Bun-rye sọ̀rọ̀ ní gbogbo oṣù mẹ́fà yẹn. Tí wọ́n bá pàdé ní ilé oúnjẹ, á gba ẹ̀yìn. Bun-rye kì í sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó ń dùn ún ju bí ì bá ṣe dùn ún tí wọ́n bá lé e lọ. Nígbà ìrántí ikú ọkọ rẹ̀, ó se oúnjẹ, ó sì bu abọ́ ìrẹsì kan sílẹ̀ de Pil-do. Ẹnikẹ́ni ò wá jẹ ẹ́.

Oṣù kẹwàá, láàárọ̀ Mọ́ńdè kan, mo ń gbé aṣọ mímọ́ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ bíi mẹ́jọ tò síwájú àtẹ. Ma Pil-do ló wà níwájú, ọjọ́ àkọ́kọ́ tó padà sípò nìyẹn. Bun-rye dìde fún un, ó dúró síwájú tábìlì, gìgísẹ̀ rẹ̀ lórí ìlà yẹ́lò.

Ma tú rédíò láyà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin gbà á láyè láti mú un dání. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sínú àtẹ. Ó gbé fóònù lé e, ó gbé pátákó ìkọ̀wé lé e. Lẹ́yìn náà ó fi ẹ̀yìn rìn, ẹsẹ̀ mẹ́ta, títí ó fi bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì tẹríba fún un. Kì í ṣe orí mímì. Ó tẹ́ ẹ̀yìn pẹrẹsẹ, lójú gbogbo àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, fún obìnrin tó ń gba fóònù lẹ́nu ọ̀nà.

Nílẹ̀ wa, tí wọ́n bá tẹríba fún ẹ, o gbọ́dọ̀ dá a padà. Ara á ti tẹ̀ kí o tó rò ó. Mo rí èjìká Bun-rye tó fẹ́ tẹ̀. Kò jẹ́ kó tẹ̀. Ó dúró ṣánṣán lórí ìlà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, omijé ń ṣàn dé àgbọ̀n rẹ̀, kò sì nù ún.

"Nọ́ńbà kẹrin," ó ní, ó na án sí i. "Ẹ wọlé, Ọ̀gá Ma. Ìrẹsì yín ti tutù nílé."